Ẹ Pín Ẹgbẹ́ Kí Líìgì Yín Lè Pẹ́

Ọ̀rọ̀ eré ni mo gbé wá lálẹ́ òní. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kò ní láárí nítorí pé eré ni. Bí eré bí eré ni àlàbọrùn ń di ẹ̀wù.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń gbé Amẹ́ríkà ló ní àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ ṣe kékeré, tí iṣẹ́ àti ọmọ títọ́ ti fọ́n ká. Ọ̀kan wà ní Houston, ọ̀kan wà ní Maryland, òmíràn ti kó lọ sí Atlanta. Ìpè fóònù ti ṣọ̀wọ́n, ó ti wá ku "ẹ kú ọdún" àti "ẹ kú ọwọ́ lómi". Lára ohun tó ń kó irú àwọn ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí ni géèmù. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni géèmù bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà tí ilé-iṣẹ́ EA Sports ń ṣe, àti bó ṣe yẹ kí àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ jọ ṣe líìgì nínú rẹ̀ pín ẹgbẹ́ láàárín ara wọn. Ọjọ́ tí ẹ bá pín ẹgbẹ́ gan-an ni ẹ ti ń pinnu bí líìgì náà yóò ṣe pẹ́ tó. Mo gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé. Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí Super Eagles ń gbá. Bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà ni, èyí tó ṣẹnu ṣóńṣó lọ́tùn-ún lósì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, àyà ni wọ́n ń gbá a mọ́ tí wọ́n fi ń sáré, ẹni tó bá dènà á gbé wọn ṣánlẹ̀. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù yunifásítì kì í ṣe ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Pápá ìṣeré Yunifásítì Michigan ní ìlú Ann Arbor ń gba èèyàn 107,601. Bàbá, ọmọ, àti ọmọ-ọmọ ló jọ máa ń wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ọmọ wa náà ti fi orúkọ sílẹ̀ nínú eré yìí. Olu Oluwatimi, tó gbá a fún Michigan, gba àmì-ẹ̀yẹ Rimington àti Outland ní 2022. Olu Fashanu gbá a fún Penn State kí ẹgbẹ́ New York Jets tó mú un ní ipò 11 nínú yíyan eléré tuntun ní 2024. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé wa.

Géèmù tó dá lórí bọ́ọ̀lù yìí ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ó sọnù lórí àtẹ fún ọdún 11. NCAA Football 14, tó jáde ní 2013, ni ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹjọ́ ló fà á. Ed O'Bannon, tó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún UCLA, ló rí ara rẹ̀ nínú géèmù kan: ìrísí rẹ̀ ni, nọ́ńbà ẹ̀wù rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, wọn kò sì fún un ní kọ́bọ̀. Ní 2009, ó gbé NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, lọ sílé ẹjọ́. Ní 2014, adájọ́ Claudia Wilken dá a láre. Láti oṣù Keje 2021 ni àjọ náà ti wá gba àwọn eléré láyè láti fi orúkọ àti àwòrán ara wọn pa owó. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún géèmù náà láti padà wá.

Ó padà dé ní oṣù Keje 2024 pẹ̀lú orúkọ tuntun, College Football 25. Ilé-ẹ̀kọ́ 134 ló wà nínú rẹ̀. Eléré tó lé ní 10,000 ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lo orúkọ àti ojú òun, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gba 600 dọ́là àti ẹ̀dà géèmù náà kan. Nígbà tí College Football 26 tẹ̀ lé e ní 2025, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ti di 136. Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ wa. Nínú àwọn géèmù àtijọ́, nọ́ńbà lásán ni eléré. Ní báyìí, ọmọ ènìyàn gidi tó ní orúkọ ni, ọmọ tí o wò lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá mú ẹgbẹ́ kan, ọkàn rẹ̀ máa ń tètè wọ ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ náà. Ìdí nìyẹn tí pípín ẹgbẹ́ fi ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́.

Báwo ni líìgì náà ṣe rí? Online Dynasty ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan á dá a sílẹ̀, òun ni kọmíṣọ́nà. Èèyàn tó tó 32 lè wọ inú rẹ̀. Ní ayé NCAA Football 14, èèyàn 12 ni. Oníkálukú á mú ilé-ẹ̀kọ́ kan, á sì di kóòṣì rẹ̀. Ẹ ó máa gbá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn ẹ ó bá kọ̀ǹpútà gbá, nígbà mìíràn ẹ ó bá ara yín gbá. Tí sáà bá parí, àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá á jáde, àwọn mìíràn á pààrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, kóòṣì á sì wá ọmọ tuntun láti ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọdún á yí, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ara yín kí ẹ tó náwó: ní College Football 25, ẹni tó ń lo PlayStation kò lè bá ẹni tó ń lo Xbox wọ Online Dynasty kan náà. Ẹ fi ohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀rọ kí ẹ tó fi ohùn ṣọ̀kan lórí ẹgbẹ́.

Ó yá, a ti dé ìdí ọ̀rọ̀.

Tí wọ́n bá ní kí ọ̀rẹ́ mẹ́jọ mú ẹgbẹ́ láìsí àdéhùn kankan, orí àwọn òmìrán ni gbogbo ọwọ́ máa ń lọ. Nígbà tí College Football 25 jáde, máàkì 95 ni géèmù fún Georgia, ó fún Ohio State àti Oregon ní 93, ó fún Alabama àti Texas ní 92. Ta ló máa rí 95 tí kò ní fẹ́ ẹ? Ẹni tó bá yára jù lẹ́nu á gbé Georgia, ẹni tó tẹ̀ lé e á gbé Ohio State, àwọn tó kù á máa kùn. Ìkùnsínú ti wọ líìgì kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù kan.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ sọ pé òmìrán kárí gbogbo èèyàn. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí o bá bá kọ̀ǹpútà gbá, o ó nà án bí ẹní na ọmọ ọwọ́, kò ní sí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí o bá bá ọ̀rẹ́ rẹ gbá, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù ni yóò máa borí, nítorí pé ohun ìjà yín dọ́gba, ẹni tó ń pàdánù kò sì rí nǹkan kan dì mú. Alabama ló mú, kò sí àwáwí. Kò sí ibi tí yóò gùn dé mọ́, òkè ló ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá pàdánù léraléra, yóò ní ara òun ò yá lọ́sẹ̀ yìí, yóò ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ tó mọ̀, ó ti kúrò. Kò ní bá yín jà, kò sì ní sọ ohunkóhun. Ẹ ó kàn rí i pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di ti kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ní ohun tó ń bá padà wálé. Bó bá pàdánù pẹ̀lú àmì ayò mẹ́ta síbi tó ti yẹ kó pàdánù pẹ̀lú ọgbọ̀n, ayọ̀ ni. Bó bá rí ọmọ kan fà láti abẹ́ imú ilé-ẹ̀kọ́ ńlá, ìròyìn ni. Bó bá ṣẹ́gun mẹ́fà nínú méjìlá, tó tó ẹni tí wọ́n ń pè sí ìdíje ìparí ọdún, àríyá ni. Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí: ẹ jọ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ yọ àwọn òmìrán kúrò, kí gbogbo yín mú ẹgbẹ́ láti ìpele kan náà, láàárín àwọn kékeré tàbí àwọn agbedeméjì. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà di Georgia àti Ohio State mú. Àwọn ni ẹ ó jọ máa lépa.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ẹgbẹ́ kékeré kò ní ìtàn, kó gbọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2007, Appalachian State, ilé-ẹ̀kọ́ láti orí òkè North Carolina tí kò tiẹ̀ sí ní ìpele àgbà nígbà náà, lọ sí Ann Arbor, ó sì na Michigan ní 34 sí 32 nínú pápá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Boise State, tó fi koríko aláwọ̀ búlúù tẹ́ pápá rẹ̀ láti 1986, na Oklahoma ní 43 sí 42 ní ọjọ́ ọdún tuntun 2007. Ní oṣù Kẹwàá 2024, Vanderbilt na Alabama tó wà ní ipò kìíní ní 40 sí 35. Àwọn olólùfẹ́ wọn ní Nashville hú òpó góòlù, wọ́n gbé e rìn gba ìgboro kọjá, wọ́n sì jù ú sínú odò Cumberland. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹ gbọ́ èyí náà, nítorí òun ló jọ Online Dynasty jù. Curt Cignetti ti fìgbà kan jẹ́ kóòṣì James Madison, ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìpele àgbà ní 2022. Ìparí 2023 ló kó lọ sí Indiana, ilé-ẹ̀kọ́ tó ti pàdánù bọ́ọ̀lù ju gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yòókù ní ìpele náà lọ nígbà náà. Ó kó díẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ láti James Madison dání. Ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, Indiana borí nígbà 11, ó sì wọ ìdíje ẹgbẹ́ 12 tó ń du ife gbogbo orílẹ̀-èdè. Nínú ayé gidi lèyí ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà náà là sílẹ̀ fún ìwọ náà nínú géèmù.

Bí ẹ bá ti fẹnu kò sórí ìpele, báwo lẹ ó ṣe wá pín in? Ìmọ̀ràn mi kejì ni pé kí ẹ ṣẹ́ kèké, ṣùgbọ́n kí ẹ fi yíyàn díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ti dá àjọ rí mọ̀ pé ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó owó ló máa ń fa ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń ṣẹ́ kèké níṣojú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe é níṣojú gbogbo èèyàn. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ 24 sórí bébà, ẹ ká a, ẹ dà á sínú fìlà. Kí oníkálukú fa mẹ́ta, kó mú ọ̀kan, kó sì dá méjì padà. Kádàrá ló fún un ní mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ ló yan ọ̀kan. Kò ní lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, kò sì ní lè sọ pé wọ́n fipá gbé e fún òun.

Mo rántí alẹ́ tí àwa àti àwọn ọ̀rẹ́ wa ṣe é. Orí fóònù ni gbogbo wa wà, ojú ń rójú. Ẹni tó gbé fìlà dání ń fa bébà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣí i sí kámẹ́rà kí gbogbo èèyàn rí i. Ẹ̀gbọ́n kan wà láàárín wa tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kàwé ní ìpínlẹ̀ Ohio. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń sọ pé Ohio State lòun fẹ́. Wọ́n fa mẹ́ta fún un: Tulsa, Utah State, Kent State. Ojú ẹ̀gbọ́n fà ro.

Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe? Ẹ ti mọ ohun tí mo ní lọ́kàn."

Àbúrò tó gbé fìlà dání rọra dá a lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ohio State ò sí nínú fìlà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Kent State tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, Ohio náà ló wà."

Òótọ́ ló sọ. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́jọ ló ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele àgbà ní ìpínlẹ̀ Ohio. Yàtọ̀ sí Ohio State àti Cincinnati, mẹ́fà tó kù, ìyẹn Toledo, Bowling Green, Akron, Kent State, Miami tó wà ní ìlú Oxford, àti Ohio tó wà ní ìlú Athens, inú kọnfárẹ́ǹsì kan náà, ìyẹn àkójọ ilé-ẹ̀kọ́ tó jọ ń du ife kan, ni wọ́n wà. Ẹnì kan lára wa wá fi kún un pé Nick Saban, kóòṣì tó gba ife orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú LSU àti lẹ́ẹ̀mẹ́fà pẹ̀lú Alabama, Kent State ló ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Saban? Ṣé Kent State yìí náà ni?" A ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Òfin kò yẹ̀ nítorí pé ẹ̀gbọ́n ni. Wọn ò sì fi òfin gbá a lójú. Wọ́n wá ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ gan-an, ìyẹn ìpínlẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ti kàwé, wọ́n sì fi hàn án pé ó wà nínú ohun tó ti dì mú. Kent State tí mò ń wí yìí, bọ́ọ̀lù 12 ló gbá ní sáà 2024, kò borí ẹyọ kan. Ẹgbẹ́ tí kò lè rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ ni ẹ̀gbọ́n gbà. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá borí níbẹ̀ yóò jẹ́ ìtàn.

Ìmọ̀ràn mi kẹta: ẹ wo ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ yín wà. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ ní sáà kejì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, géèmù máa ń fún kóòṣì ní wákàtí tí yóò ná lórí wíwá ọmọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tó lókìkí ń rí wákàtí púpọ̀ gbà, èyí tó kéré ń rí díẹ̀. Ọmọ 35 ni o lè kọ sórí pátákó rẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní agbègbè tí okùn rẹ̀ ti yi, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan náà ní ohun tó ń wá. Ọ̀kan fẹ́ ibi tó sún mọ́ ilé. Èkejì fẹ́ ibi tí yóò ti tètè wọ pápá. Ẹ̀kẹta fẹ́ ibi tí ẹ̀kọ́ ìwé ti jíire. Bí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ kò bá ní ohun tí ọmọ náà kò lè fojú fò, bó o tilẹ̀ ná gbogbo wákàtí rẹ lé e lórí, kò ní wá.

Wàyí o, bí ọ̀rẹ́ méjì bá mú ilé-ẹ̀kọ́ méjì ní Texas, orí àwọn ọmọ kan náà ni wọn yóò máa jà sí lọ́dọọdún. Ẹ̀yin méjèèjì á ná wákàtí yín tán lórí ọmọ kan, ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tí kọ̀ǹpútà dì mú á wá gbé e lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ orúkọ sórí bébà, ẹ fọ́n wọn ká orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ mú ọ̀kan ní Texas, ọ̀kan ní Florida, ọ̀kan ní Ohio, ọ̀kan ní California, ọ̀kan ní North Carolina. Kí oníkálukú ní oko tirẹ̀. Bí ẹ bá sì mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ orogún, tí ọ̀rẹ́ méjì gbà láti máa du Texas mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kò burú, adùn wà níbẹ̀. Kí ó ṣá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló fẹ́ ẹ.

Ìkẹrin, ẹgbẹ́ tí o bá mú gbọ́dọ̀ bá bí o ṣe ń gbá a mu. Bí o kò bá fẹ́ràn jíju bọ́ọ̀lù, tó jẹ́ pé kí o gbé e sá ló wù ọ́, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ológun wà níbẹ̀ fún ọ: Army, Navy àti Air Force. Bọ́ọ̀lù wọn dá lórí kí kọ́tàbáàkì, ẹni tó ń darí ìkọlù, máa wo ojú ẹni tó ń bọ̀ wá dènà rẹ̀, kó wá pinnu bóyá kó gbé e fún ẹnì kejì, kó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó sá a lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má fojú kéré wọn. Army ṣẹ́gun nígbà 12 ní sáà 2024, ó sì gba ife kọnfárẹ́ǹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ lọ́dún náà. Ẹni tó bá fẹ́ràn kó máa ju bọ́ọ̀lù jìnnà, kí ó má mú Army nítorí orúkọ. Sáà kan ò ní parí tí yóò fi sú u. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù méjì mẹ́ta pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fà kí ó tó sọ èyí tó mú. Ẹ fún ara yín ní ọjọ́ méjì.

Ìkarùn-ún ni ọ̀rọ̀ kọnfárẹ́ǹsì. Bí ọ̀kan nínú yín bá wà ní Hawaii, tí èkejì wà ní Appalachian State, ẹ lè gbá sáà méjì kí ẹ máà pàdé. Líìgì wo nìyẹn? Géèmù gbà yín láyè láti to àwọn kọnfárẹ́ǹsì bó ṣe wù yín, kò sì yẹ kí ẹ̀rí-ọkàn máa dà yín láàmú lórí pé ẹ tú ètò ká, nítorí àwọn yunifásítì fúnra wọn ti tú u ká. Ní 2024, Texas àti Oklahoma kó lọ sí kọnfárẹ́ǹsì SEC, Oregon, Washington, USC àti UCLA sì kó láti etí òkun ìwọ̀-oòrùn lọ sí kọnfárẹ́ǹsì Big Ten. Ẹ kó ara yín sínú kọnfárẹ́ǹsì kan. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin mẹ́jọ nìkan ló wà níbẹ̀, oníkálukú yóò lè bá ọ̀rẹ́ méje gbá lọ́dọọdún. Kọ́ọ̀lù ọ̀sẹ̀ á ní ohun tí ẹ ń tori rẹ̀ pe ara yín.

Kí ẹ sì wo pápá ìṣeré pẹ̀lú. Nínú College Football 25, Kyle Field ti Texas A&M ni géèmù fi ṣe ibi tó nira jù lọ fún àlejò. Bí ariwo bá ti sọ níbẹ̀, àwòrán á máa gbọ̀n, ìlà tó ń fi ibi tí eléré rẹ máa sá gbà hàn á máa wọ́, o ò ní mọ ẹni tí o fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí. Pápá kékeré ò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó o bá ń borí nílé, ariwo tìrẹ náà á máa ga sí i. Ọwọ́ rẹ lo fi kọ́ ọ. Mi ò mọ ohun tó dùn ju kí ọ̀rẹ́ rẹ wọ pápá tí ó ti ń fojú kéré láti sáà àkọ́kọ́, kó wá máa pariwo lórí fóònù pé òun ò rí iwájú mọ́.

Àwọn òfin tó kù, mo kàn fẹ́ kà wọ́n ni, nítorí ẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ jọ pinnu bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe le tó. Ìpele mẹ́rin ló wà, láti Freshman dé Heisman. Ẹ jọ pinnu iye ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ kan nínú géèmù yóò fi dúró kí kọmíṣọ́nà tó tì í síwájú. Ẹ rántí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù, àwọn tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ẹ pinnu bóyá ó tọ́ kí ọ̀rẹ́ fa eléré tó ń kúrò ní ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ ṣẹ́ kèké. Ohun tí a bá ti kọ sílẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnì kan máa sọ pé "èmi ò rántí bẹ́ẹ̀".

Kọmíṣọ́nà, ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ kò tán sórí títi ọ̀sẹ̀ síwájú. Mú ẹgbẹ́ tìrẹ kẹ́yìn gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa wo ọwọ́ rẹ nínú fìlà. Tí sáà àkọ́kọ́ bá parí, pe ẹni tó gba ipò ìkẹyìn. Pè é lórí fóònù, má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe é. Bi í léèrè bóyá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wù ú. Géèmù náà gbà pé kí kóòṣì fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó lọ gba òmíràn ní ìparí sáà, gẹ́gẹ́ bí Cignetti ṣe fi James Madison sílẹ̀ lọ sí Indiana. Jẹ́ kí ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, pé kò sí ẹni tó so ó mọ́ ẹgbẹ́ tí kò wù ú mọ́. Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé àwọn ò lọ síbì kankan, pé àwọn ọmọ tí àwọn fà wá ní ọdún àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó ni. Ṣùgbọ́n pé o béèrè ni yóò mú wọn padà wá.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀kúnkúndùn ni pé kì í rọrùn fún àgbà tó ti di bàbá ọmọ láti pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó ní "àárò rẹ ń sọ mí". Ó rọrùn fún un kó ní "Kent State ń bọ̀ wá nà ọ́ lọ́jọ́ Sátidé". Ohun kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń sọ. Nítorí náà, ẹ pín ẹgbẹ́ yín pẹ̀lú òtítọ́, ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹni tó gba ipò ìkẹyìn náà lè ní ìdí láti gbé fóònù tí ẹ bá pè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.